Bí A Ṣe Ń Ka Ìbọn Ọdẹ Àtijọ́ Kí A Tó Díyelé E

Bàbá ìyàwó yín tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà papòdà, àwọn ẹbí sì fa ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan lé yín lọ́wọ́. Tàbí ẹ ra ilé àtijọ́ kan ní Georgia, ẹ gun àjà, ẹ bá ìbọn kan tí wọ́n fi aṣọ wé. Tàbí ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù olóògbé ní gbàǹjo ní Texas, ìbọn kan sì wọ̀ yín lójú. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe: a ó ka orúkọ tó wà lórí ọ̀pá ìbọn, a ó tẹ̀ ẹ́ sórí Google, a ó rí iye owó kan, inú wa á dùn tàbí kó bàjẹ́.

Orúkọ orí ọ̀pá kọ́ ni ìbọn. Orúkọ ńlá lè wà lórí rẹ̀ kó jẹ́ ayédèrú. Òmíràn kò ní ju lẹ́tà kan àti nọ́ńbà lábẹ́ rẹ̀, òun gan-an sì ni àwọn tó mọ ìbọn ń wá kiri. Abẹ́ ni ìbọn ń gbé sọ irú ẹni tí òun jẹ́, níbi tí igi bò mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ka ìbọn kí ẹ tó béèrè owó rẹ̀.

Ìbọn tí mò ń sọ níbí ni ìbọn ọdẹ tó ń lo kátíríìjì, pàápàá ẹlẹ́nu méjì, tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà àti Bẹ́ljíọ̀mù láti nǹkan bí 1870 títí di àsìkò Ogun Àgbáyé Kejì. Ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ilé wa ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Kí á tó bẹ̀rẹ̀, ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe: ẹ má fọ ìbọn náà kó dán. Ẹ má fi sánńpépà kàn án, ẹ má fi fánìṣì kun igi rẹ̀, ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni pé kó bá yín kùn ún ní dúdú tuntun. Àwọ̀ tó ti ṣá, tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, níye lórí ju àwọ̀ tuntun tó ń kọ mọ̀nà lọ. Ó ń dùn mí gan-an bí mo bá rí ìbọn tó ti lo 100 ọdún láìsí ẹni tó bà á jẹ́, tí ẹnì kan wá fi ọ̀sán Sátidé kan ṣoṣo bó gbogbo ara rẹ̀. Bó bá ń dógùn-ún, ẹ fi òróró ìbọn díẹ̀ sára aṣọ òwú rírọ̀, ẹ nù ún wẹ́rẹ́. Kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ọta, lẹ́yìn náà òfin

Ìbọn tó ti wà nínú àpótí fún 50 ọdún lè ní kátíríìjì nínú síbẹ̀. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, ẹ mú ìka kúrò níbi ìfà. Lórí ọ̀pọ̀ ìbọn ẹlẹ́nu méjì, ọwọ́ irin kékeré kan wà lókè níbi tí ọ̀pá ti pàdé igi. Ẹ tì í sápá ọ̀tún, ọ̀pá á sì tẹrí ba. Ẹ wo inú ihò méjèèjì, ẹ tún fi ìka kàn án, torí ojú lè tan ni. Àwọn ìbọn tó dàgbà díẹ̀ máa ń ní òòlù méjì níta bí etí ehoro. Bí wọ́n bá ti fa òòlù náà sẹ́yìn, ẹ má fọwọ́ kàn án bí ẹ kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà. Bí ìbọn kò bá ṣí, ẹ má fi agídí ṣí i. Ẹ pe oníṣẹ́ ìbọn, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ kò mọ̀ bóyá ọta wà nínú rẹ̀, kí ẹ tó gbé e kúrò nílé.

Ní ti òfin: ẹni tó wà ní Ìlú Ọba kò gbọ́dọ̀ tọ́jú ìbọn ọdẹ sílé láìní ìwé àṣẹ ìbọn ọdẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kódà bó jẹ́ ogún ló jẹ. Ẹ pe ọlọ́pàá tàbí oníṣòwò ìbọn tó ní àṣẹ, kí ó bá yín tọ́jú rẹ̀ títí ìwé yóò fi jáde. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìpínlẹ̀ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ láti 1934 sọ pé ọ̀pá ìbọn ọdẹ kò gbọ́dọ̀ kúrú ju 18 íǹṣì lọ, kí gbogbo gígùn ìbọn má sì dín sí 26 íǹṣì. Bí ẹnì kan bá ti gé èyí tó wà lọ́wọ́ yín kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kàn sí agbẹjọ́rò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi sínú kòǹténà lọ sílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 béèrè ìwé àṣẹ, ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà sì máa gbé yín dé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ohun tí ẹ ó nílò

Tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, awò tó ń mú nǹkan tóbi, téèpù, igi róbótó tó gùn ju ọ̀pá ìbọn lọ, ìwé àti bírò, fóònù láti ya fọ́tò. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Ẹ má mú sukudíráfà wá rárá. Gbogbo ohun tí a fẹ́ kà kò ju ohun tí ọwọ́ lásán lè tú lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: irú ìbọn wo ni?

Bí ọ̀pá méjèèjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tàbí tí ọ̀kan gun orí èkejì, ìyẹn hàn lójú. Ohun tí ojú kò tètè rí ni ibi tí ẹ̀rọ tó ń yin ìbọn wà. Ọ̀nà méjì ló pọ̀ jù. Nínú boxlock, ẹ̀rọ náà wà nínú ikùn irin àárín. Anson àti Deeley, òṣìṣẹ́ Westley Richards ní Birmingham, ni wọ́n gba ẹ̀tọ́ irú èyí ní 1875, gbogbo ayé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé wọn. Nínú sidelock, ẹ̀rọ wà lára awo irin méjì tí wọ́n rì sínú igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Ìyẹn gba iṣẹ́ púpọ̀, owó rẹ̀ sì máa ń ga ní Ìlú Ọba. Ẹ kíyè sára ṣá o: àwọn kan máa ń lẹ awo irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ boxlock kó lè jọ sidelock. Ẹ wo ara awo náà dáadáa. Sidelock gidi máa ń ní orí síkúrù kéékèèké bíi mélòó kan tó hàn lójú awo, torí ẹ̀rọ wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn. Èyí tí ojú rẹ̀ mọ́ lásán, ọ̀ṣọ́ ló sábà máa ń jẹ́.

Bó bá jẹ́ ìbọn ọlọ́pá kan tí a ń fa ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn, bíi Winchester Model 12, ìwádìí rẹ̀ rọrùn jù. Orúkọ, nọ́ńbà àti géèjì, ìyẹn ìwọ̀n ẹnu ìbọn, wà lára rẹ̀ gbangba. Láti 1912 dé 1964, wọ́n ṣe nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 irú èyí, nítorí náà géèjì 12 rẹ̀ wọ́pọ̀ káàkiri. Géèjì 28 ni àwọn olùkójọ ń lé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ ka abẹ́ rẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Igi kékeré kan wà lábẹ́ ọ̀pá, níbi tí ọwọ́ òsì máa ń gbá a mú. Ẹ fà á wálẹ̀ jẹ́jẹ́ tàbí kí ẹ tẹ ìdè rẹ̀, yóò bọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣí ìbọn, ẹ yọ ọ̀pá kúrò. Ìbọn ti di mẹ́ta báyìí: ọ̀pá, igi abẹ́ ọ̀pá, àti irin àárín pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ẹ dojú ọ̀pá délẹ̀. Ní ìdí rẹ̀, níbi tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ ó rí àwọn òǹtẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ ya fọ́tò gbogbo wọn, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tó gbìyànjú láti túmọ̀ ọ̀kankan.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìjọba tàbí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìbọn ló ń dán ọ̀pá wò: wọ́n á ki ẹ̀tù tó pọ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ sínú rẹ̀, wọ́n á yìn ín, bí kò bá bẹ́, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i. Ìlú tí òǹtẹ̀ ti wá ni ìlú tí wọ́n ti dán ìbọn wò, ohunkóhun tí ì báà wà lórí ọ̀pá.

Birmingham ní ilé ìdánwò tirẹ̀ láti 1813. Òǹtẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ ni adé lórí ọ̀pá àṣẹ méjì tó gba ara wọn kọjá, pẹ̀lú lẹ́tà. Láti 1904, ó di adé lórí BP, BV, àti NP. NP yìí ṣe pàtàkì: ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi ẹ̀tù òde òní dán an wò. Ti London ni adé lórí GP tí wọ́n hun mọ́ra, àti adé lórí V. Bí ẹ bá rí àmì bíi dáyámọ́ǹdì tí 12 àti C wà nínú rẹ̀, ìbọn náà kò lè dàgbà ju 1887 lọ, torí ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Bí ẹ bá rí NOT FOR BALL, láàárín 1875 àti 1887 ni wọ́n dán an wò. Ẹ rí i pé a ti ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀ láì tíì ka orúkọ kankan.

Ti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni ẹ ó máa rí jù ní Amẹ́ríkà: àmì roboto bí ẹyin, tí lẹ́tà E, L àti G wà nínú rẹ̀. Bí adé bá wà lórí ẹyin náà, láti 1893 síwájú ni. Bí kò bá sí adé, ó ṣáájú ìgbà náà.

Amẹ́ríkà kò ní ilé ìdánwò ti ìjọba. Nítorí náà ọ̀pá tí kò ní òǹtẹ̀ Yúróòpù kankan, tó jẹ́ pé nọ́ńbà àti lẹ́tà ilé iṣẹ́ nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀, Amẹ́ríkà ni ẹ ó kọ́kọ́ máa rò.

Ẹ wá wo bí òǹtẹ̀ ṣe ń tú àṣírí. Láti nǹkan bí 1880 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn oníṣòwò kó ìbọn olówó pọ́ọ́kú láti Liège wọ Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ orúkọ tó jọ ti àwọn àgbà oníṣẹ́ Ìlú Ọba sí i lórí. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n kọ "W. Richards" sí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Westley Richards. Ẹni tó ka òkè nìkan á rò pé Birmingham ni. Ẹni tó dojú rẹ̀ délẹ̀ á rí ẹyin pẹ̀lú ELG, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìbọn bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ojúlówó sì lè jẹ́ ìlọ́po ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ Crescent ní Norwich, Connecticut, ṣe ìbọn fún àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ìṣó àti ọkọ́ lábẹ́ oríṣiríṣi orúkọ, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó ń tà á ló ń yan ohun tí wọn yóò kọ sí i. Irú wọn kì í ṣe ìbọn burúkú. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló fi bọ́ ìdílé rẹ̀. Wọ́n kàn pọ̀ jù láti di ohun ìṣúra ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nọ́ńbà gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu

Ẹ wá nọ́ńbà ìbọn lára ọ̀pá, lára irin àárín, àti lára irin inú igi abẹ́ ọ̀pá. Ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀kan náà ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọ̀pá bá ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹnì kan ti fẹ́ ọ̀pá ìbọn mìíràn fún un, owó rẹ̀ á sì já wálẹ̀ gidi.

Ẹ jẹ́ kí n fi Parker ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì máa ń dá àṣìṣe sílẹ̀ jù. Meriden ní Connecticut ni wọ́n ti ń ṣe é. Remington ra ilé iṣẹ́ náà ní 1934, ogun sì fòpin sí i ní nǹkan bí 1942. Ipò tí ìbọn Parker wà ni a fi ń díyelé e. Trojan ló wà nísàlẹ̀, tí wọn kò fín ọnà sí. VH ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà GH, DH, CH, BH, AH àti AAH, kí a tó dé A1 Special. H ń sọ pé òòlù rẹ̀ kò sí níta. Bí E bá tẹ̀ lé e, bíi DHE, ìbọn náà máa ń ta kòròfo kátíríìjì síta fúnra rẹ̀, owó á sì gbé pẹ́ẹ́lí.

Lórí irin àárín, níbi tó tẹ́ tí ìdí ọ̀pá máa ń sùn lé, ẹ ó rí nọ́ńbà ìbọn àti àmì ipò rẹ̀: V fún VH, 2 fún GH, 3 fún DH, 4 fún CH, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Àmọ́ nọ́ńbà kékeré mìíràn wà lára ìkọ́ irin abẹ́ ọ̀pá: 2, 1½, 1, 0, tàbí òdo méjì. Ìyẹn kì í ṣe ipò o! Ìwọ̀n ara irin àárín ni, bí ó ti tóbi tó. Àìmọye èèyàn ló ti rí 2 lára ìkọ́ yẹn tí wọ́n sì kéde pé GH ni àwọn ní, nígbà tó jẹ́ pé Trojan lásán ló wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, ẹni tó rí òdo méjì tó sì rò pé kò já mọ́ nǹkan kan ti fẹ́ gbé ìbọn géèjì kékeré tó ṣọ̀wọ́n sọnù.

Bí ẹ bá ti ní nọ́ńbà, ẹ lè béèrè ìwé ìtàn rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùkójọ Parker ń ṣe ìwádìí nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà fún owó díẹ̀, ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí tó wà ní Cody, Wyoming, sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìbọn Winchester àti L.C. Smith, tí àwọn náà jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Fún ìbọn London, Purdey àti Holland & Holland ṣì ní ìwé tiwọn. Àdírẹ́sì tó wà lórí ọ̀pá pàápàá ń sọ̀rọ̀: Purdey tí wọ́n kọ Oxford Street sí ti wà kí ilé iṣẹ́ náà tó kó lọ sí South Audley Street ní nǹkan bí 1882. Ẹ tún wò bóyá 1 tàbí 2 aláwọ̀ wúrà wà lókè ìbọn Ìlú Ọba kan. Ìbejì ni ìbọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe méjì papọ̀ fún ẹnì kan. Bí Táyé bá wà lọ́wọ́ yín tí Kẹ́hìndé sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹni náà lè san ju iye ọjà lọ kí wọ́n lè padà pàdé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọ̀pá

Ọ̀pá ló ń gbé ìdajì owó ìbọn, òun náà ló sì lè gba ọwọ́ tàbí ojú ẹni. Ẹ má kánjú níbí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú irin rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ tó lọ́ yíká bí okùn tí a pọ́, Damascus nìyẹn. Àwọn alágbẹ̀dẹ á pọ́ irin méjì pọ̀, á wé e mọ́ ọ̀pá kan, á fi iná àti òòlù sọ ọ́ di ọ̀kan. Ẹwà rẹ̀ kò lópin, ẹni tó bá mọ ohun tí àgbẹ̀dẹ ń rí á bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ fún, ìpẹtà sì lè ti jẹ ẹ́ láti inú láàárín ibi tí irin ti so pọ̀, níbi tí ojú kò lè dé. Ẹ má yin kátíríìjì òde òní nínú rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n kàn ya àwòrán Damascus sójú irin lásán. Bí ẹ bá wo ibi tó fara pamọ́ sábẹ́ igi, tí ìlà kò débẹ̀, ayédèrú ni.

Lẹ́yìn èyí, gígùn. Ẹ pa ìbọn dé, ẹ ki igi róbótó bọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi kan ìdí, ẹ sàmì sí i, ẹ wọ̀n ọ́n. Ilé iṣẹ́ sábà máa ń gé e sí 26, 28, 30 tàbí 32 íǹṣì. Bí ẹ bá rí 25 íǹṣì ó lé díẹ̀ lára ìbọn Amẹ́ríkà, ẹ fura. Ẹ wo ẹnu rẹ̀: lára ìbọn tí wọn kò gé, ọ̀pá méjèèjì sábà máa ń fara kanra lẹ́nu. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn tí wọ́n fi òjé dí, wọ́n ti gé e, owó rẹ̀ ti gé pẹ̀lú.

Géèjì: iye ọta òjé tó ṣe déédéé ẹnu ìbọn tí a lè rọ láti inú pọ́n-ùn òjé kan ni. Nítorí náà bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ẹnu ṣe kéré tó. Ẹnu géèjì 12 jẹ́ 0.729 íǹṣì, ti 20 jẹ́ 0.615. Èyí tí à ń pè ní .410 nìkan ni kò tẹ̀ lé ìlànà yìí. Ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ gan-an ni. Bí ohun gbogbo bá dọ́gba, géèjì tí ẹnu rẹ̀ kéré ló ń mówó wá ju ti 12 lọ, torí wọn kò ṣe wọ́n púpọ̀.

Ọ̀nà kan tó rọrùn wà láti mọ̀ bóyá ẹnu géèjì 12 fún pọ̀ bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní dime. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 0.705 íǹṣì. Bí kò bá wọ ẹnu, choke rẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹnu ti fún pọ̀, ṣì fún pinpin. Bó bá wọlé, kò fún tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n gé e tàbí pé wọ́n ti gbẹ́ ẹ fẹ̀.

Ilé kátíríìjì náà ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ìbọn géèjì 12 ti Ìlú Ọba ní ilé tó gùn ní 2½ íǹṣì péré, àwọn ti Amẹ́ríkà àtijọ́ sì wà tó jẹ́ 2⅝. Kátíríìjì òde òní jẹ́ 2¾. Ewu ibẹ̀ ni pé yóò wọlé wẹ́rẹ́, ìbọn á sì tì, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n bá yìn ín ni ẹnu kátíríìjì á ṣí, kò ní rí àyè, agbára á wá pọ̀ jù nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ ìbọn ló ní irin ìwọ̀n tó tọ́ fún èyí. Òun náà ni yóò wọn bí ara ọ̀pá ṣe nípọn tó. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ní Ìlú Ọba kì í fẹ́ kí ibi tó fẹ́lẹ́ jù dín sí 0.020 íǹṣì. Àti pé níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ta ìbọn tí inú rẹ̀ ti fẹ̀ kọjá ohun tí òǹtẹ̀ sọ, àyàfi tí wọ́n bá tún un dán wò.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú. Ó yẹ kó dán bí dígí láti ìdí dé ẹnu. Ẹ wá ihò kéékèèké tí ìpẹtà jẹ, ẹ wá òjìji tó ṣẹ́: òjìji yíká tó ṣẹ́ lójijì ń sọ pé ọ̀pá wú níbẹ̀ tàbí ó tẹ̀ wọnú.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ló kù. Ẹ fi okùn so ọ̀pá kọ́ láti ibi ìkọ́ abẹ́ rẹ̀, kó máa fì, kí ẹ sì fi ìka kan gbá a. Ọ̀pá tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ àárín rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra dáadáa á dún bí agogo, ohùn rẹ̀ á sì pẹ́ nílẹ̀. Bó bá dún kò bí ìkòkò tó sán, ibì kan ti tú níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ìdè, igi àti àwọ̀

Ẹ tún ìbọn tò, ṣùgbọ́n ẹ fi igi abẹ́ ọ̀pá sílẹ̀. Ẹ pa á dé, ẹ di ìdí mú, ẹ mi ọ̀pá. Kò gbọ́dọ̀ mì. Ẹ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀: ìmọ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba àárín ọ̀pá àti irin ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Lára Parker àti L.C. Smith, ọwọ́ ìṣí tó wà lókè máa ń dúró díẹ̀ sápá ọ̀tún nígbà tó bá ṣì le. Bó bá ti dé àárín gan-an tàbí tó kọjá sósì, irin ti jẹ.

L.C. Smith ní àìlera kan tí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀: igi rẹ̀ máa ń là lẹ́yìn awo irin ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi awò wo ibẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Lára ìbọn yòówù, ẹ wò bóyá igi ti lọ sílẹ̀ ju irin tó yí i ká lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ti fi sánńpépà kàn án. Ẹ wo orí síkúrù: bí wọ́n bá ti já a jẹ, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ti wọ inú rẹ̀.

Àwọ̀ irin àárín nígbà tó jẹ́ tuntun máa ń dàpọ̀, aró pẹ̀lú bíráùn pẹ̀lú eérú, bí epo mọ́tò tó dà sórí omi. Ó máa ń ṣá níbi tí ọwọ́ ń kàn, yóò sì kù níbi tó fara pamọ́, bí abẹ́ ọwọ́ ìṣí. Bó bá pọ̀ yanturu níta tí kò sí lábẹ́, tuntun ni wọ́n kùn. Níbi ọnà tí wọ́n fín, ẹ wo ajá àti ẹyẹ lójú. Ọwọ́ àgbà á ya ajá tó ń gbọ́ òórùn ẹran. Ọwọ́ aláìmọ̀ á ya ohun tó jọ ewúrẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: owó

Nísinsìnyí ẹ lè béèrè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ilé iṣẹ́, ipò, géèjì, gígùn ọ̀pá, gígùn ilé kátíríìjì, ọdún, bí nọ́ńbà bá bára mu, iye àwọ̀ ilé iṣẹ́ tó kù nínú ọgọ́rùn-ún, àti gbogbo àléébù. Ẹ fi àléébù síbẹ̀ láìfi pa mọ́.

Ẹ má fi iye tí ẹlòmíràn ń pè é ṣe ìwọ̀n. Ẹnikẹ́ni lè pe iye tó wù ú. Ohun tí ẹ fẹ́ ni iye tí wọ́n san. GunBroker, gbàǹjo ìbọn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń fi iye tí ìbọn tà gan-an hàn ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, àwọn ilé gbàǹjo ńlá bíi Rock Island ní Amẹ́ríkà àti Holts ní Ìlú Ọba náà ń gbé èsì ọjà wọn jáde. Ẹ wá mẹ́ta tó kéré tán tó jọ tiyín ní ipò, ní géèjì àti ní àwọ̀. Ẹ rántí pé iye tí ilé gbàǹjo kéde lè ní owó orí tí olùrà san nínú, àti pé wọ́n á tún yọ tiwọn lára yín.

Láti iye yẹn ni ẹ ó ti máa yọ. Ọ̀pá tí wọ́n gé, nọ́ńbà tí kò bára mu, igi tó là, àwọ̀ tuntun: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè mú ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, òmíràn lè mú ìdajì. Lára Trojan tàbí ìbọn Liège, ìyẹn kò pọ̀. Lára A1 Special, owó ilé ni.

Bí iye náà bá pọ̀, ẹ san owó fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ká díyelé ìbọn, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kí òun fúnra rẹ̀ má sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ rà á. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn opó. Mo mọ ìyá kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tó kó ìbọn ọkọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú. Ẹni tó díyelé e náà ló rà á lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí ó pẹ́ ni a tó rí fọ́tò kan tí ọkọ rẹ̀ yà, tí 3, àmì ipò DH ti Parker, hàn kedere lórí irin àárín. Owó Trojan sì ni wọ́n san fún ìyá náà. Ẹni tó bá mọ iyì wúrà là á tà á fún, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ kò bá fẹ́ tà á, ẹ tẹ ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ àti àwọn fọ́tò abẹ́ ọ̀pá jáde sórí ìwé, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ àwọn ìwé ilé yín pàtàkì. Ẹ má fi sínú àpótí ìbọn, torí bí olè bá gbé àpótí lọ, ìwé yẹn ni ọlọ́pàá àti adójútòfò máa béèrè.